Àjàṣẹ́, Adjatchè, Hogbonu: ẹnu ta ni ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ máa gbọ́?

Bí èrò bá wọ ọkọ̀ ní Kútọnu tó ní Porto-Novo ni òun ń lọ, kò sí awakọ̀ tí kò ní mọ ibi tó ń sọ. Bó bá dé ọjà Ouando, ó lè gbọ́ kí ìyá aláta kan máa sọ pé Àjàṣẹ́ ni òun bí gbogbo ọmọ òun sí, kí ẹni tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa pe ìlú kan náà ní Hogbonu. Kò sí ìjà níbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni ìlú wa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ la sì bá a. Ìgbà tí orúkọ náà bá kúrò lẹ́nu tó bọ́ sínú ìwé, pàápàá ìwé tí gbogbo ayé ń kà lórí fóònù, ni ọ̀rọ̀ ń di àríyànjiyàn. Èwo la máa kọ? Báwo la ṣe máa ní kí àlejò pè é? Ta la sì máa fi ṣe ẹlẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́?

Ìwé tí à ń sọ ni Wikipedia, èyí tí àwọn tó ń kọ ọ́ ní èdè wa pè ní ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, gbé e kalẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí ó wà ní èdè tó lé ní 300. Ti Yorùbá wà níbẹ̀, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Àwọn Ẹ̀gùn náà ti ní tiwọn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti díẹ̀ nínú owó íntánẹ́ẹ̀tì lè wọlé, kó ṣí ojú ewé ìlú rẹ̀, kó fi ohun tó mọ̀ kún un, tàbí kó pa ohun tí ẹlòmíràn kọ rẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ pé báyìí ni wọ́n ń pe orúkọ kan, tí ẹlòmíràn pa á rẹ́, tí ẹni àkọ́kọ́ tún dá a padà, ó ti di ìjà nìyẹn. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ṣe òfin sí i: nínú ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òfin tó wá ju èyí lọ ni ti ìtọ́kasí. Ohun tí o mọ̀ kò tó. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé: ibo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde? Ìwé wo, ìwé ìròyìn wo, ojú ewé mélòó? Bí o kò bá rí èsì fún wọn, wọ́n á lẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ iwájú ohun tí o kọ, «référence nécessaire», ìyẹn ni pé ẹ̀rí kò sí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan á wá pa á rẹ́.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyá aláta Ouando tó ti ń pe Àjàṣẹ́ láti kékeré kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá rẹ̀ náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó kan bá kọjá níbí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó fi etí Faransé gbọ́ ọ tó sì fi lẹ́tà Faransé kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Paris, ẹlẹ́rìí ni òun.

A mọ̀ pé inú á bí àwọn kan bí wọ́n ti ń ka èyí. Inú bí àwa náà. Ṣùgbọ́n ká má tíì dá ẹjọ́ náà, nítorí òfin ìtọ́kasí ní ìdí tó fi wà, ìdí náà kò sì kéré.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àṣírí ńlá kan tú nípa ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ní èdè Scots, èdè tí wọ́n ń sọ ní Scotland, tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, tí kò gbọ́ èdè náà, ni wọ́n rí i pé ó kọ àyọkà tó lé ní 20,000 níbẹ̀. Kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní èrò ibi lọ́kàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú Gẹ̀ẹ́sì, ó ń yí lẹ́tà rẹ̀ padà kó lè dà bí ẹnu ará Scotland bó ṣe rò pé ẹnu wọn rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ka ojú ewé wọ̀nyẹn fi rò pé bí Scots ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ni èdè náà kò wá síbẹ̀ wò, nítorí náà ẹni tí kò ni ín ló bá wọn kọ ọ́. Ká ní ẹnì kan ti béèrè ìtọ́kasí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá má dé ibi tó dé. Ṣé a wá lè sọ pé kí wọ́n mú òfin náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni máa kọ ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde?

Kódà ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan, ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó nígbà mìíràn. Ẹ mọ àwọn àwòrán kékeré tó ń mì tí à ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp, tí wọ́n ń pè ní GIF. Steve Wilhite àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 2013, ó lo ààyè náà láti sọ fún gbogbo ayé pé «jif» ni, kì í ṣe «gif». Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá «gif» tiwọn lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè kọ méjèèjì sílẹ̀, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ náà sì kọ méjèèjì. Bàbá ọmọ pe orúkọ ọmọ, ará àdúgbò ní bí àwọn ṣe ń pè é nìyí. Àwòrán lásán nìyẹn o, kì í ṣe ìlú tí ènìyàn sin òkú bàbá rẹ̀ sí.

Ti ìlú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà lórí olú ìlú Ukraine nínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kiev ni àkọlé rẹ̀, èyí tó tẹ̀lé bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ń pè é; Kyiv ni àwọn ọmọ ìlú ń fẹ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n bínú, wọ́n mú ìwé ìjọba wọn wá, èsì kan náà ni wọ́n ń gbọ́: ohun tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ là ń tẹ̀lé. Ní ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press yí ìkọ tiwọn padà sí Kyiv, BBC náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àkọlé náà di Kyiv. Ẹ fi ọkàn sí ohun tó yí i padà. Kì í ṣe ẹkún àwọn tó ni ìlú. Ìwé ìròyìn ni.

Nítòsí wa níbí, Côte d'Ivoire náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún bíi 40 sẹ́yìn ni ìjọba wọn ti sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ṣe túmọ̀ orúkọ àwọn sí èdè mìíràn mọ́. Nínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Ivory Coast ló ṣì wà lókè ojú ewé wọn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é. Ìjọba odindi orílẹ̀-èdè ni wọ́n dá lóhùn báyìí, ká má tíì sọ ti ìyá aláta.

Ká wá padà sílé. Kí ni àwọn ìwé sọ nípa orúkọ tiwa? Ní ojú ewé ìlú wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Porto-Novo ni àkọlé, Hogbonu àti Ajashe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn Pọtogí tó wá ra ẹrú létí òkun wa ní nǹkan bí ọ̀rúndún 18 ló fi Porto-Novo sílẹ̀. Hogbonu jẹ́ ti àwọn Ẹ̀gùn, ó sì jẹ mọ́ Tẹ́ Àgbánlìn tó ti Allada wá dá ìjọba sílẹ̀ níbí. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Àjàṣẹ́ ni Yorùbá. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ìlú tí àwọn Àjà ṣẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, àwọn tó sì ń sọ ìtàn àdúgbò Accron ní ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ kí Tẹ́ Àgbánlìn tó dé.

Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pe orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnu nìkan tó ẹ̀rí, ọmọ Yorùbá kan á wọlé ní òwúrọ̀, á pa Hogbonu rẹ́. Ọmọ Ẹ̀gùn kan á wọlé ní ìrọ̀lẹ́, á pa Àjàṣẹ́ rẹ́. Àwọn méjèèjì á búra pé òótọ́ làwọn ń sọ, wọn kò sì parọ́. Òfin ìtọ́kasí ni kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. A gbọ́dọ̀ sọ èyí bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kan náà ló ń dùn wá.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dùn wá nìyí. Òfin ní kí a mú ìwé wá, àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ kò sì gbọ́ ara wọn. Nínú ìwé Faransé, Adjatchè lẹ máa rí, ibòmíràn Adjacè. Nínú ìwé àwọn ará Nàìjíríà, Àjàṣẹ́ ni tàbí Ajase láìsí àmì kankan. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ yìí á rò pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ní kó kọ bí wọ́n ṣe ń pè é sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìró tí àwọn onímọ̀ èdè ní gbogbo ayé jọ ń lò, èwo ló máa tẹ̀lé? Ṣé «ṣ» ni tàbí «tch»?

Kì í ṣe Faransé nìkan ló fi «tch» síbẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ní Dassa, ní Savè títí wọ Togo, «tch» lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń pe «ṣ». Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Dassa fi ń pe ara wọn ní Idaatcha, tí àwọn ará Savè fi ń sọ pé Tchabè làwọn. Ẹ wo Savè ọ̀hún ná. Ìró «v» kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò rárá, síbẹ̀ «v» ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà, nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àti lórí àwòrán ilẹ̀. Ìwé Nàìjíríà kan kọ ọ́ pẹ̀lú «ṣ», òmíràn pẹ̀lú «s» lásán. Àmì ohùn tí wọ́n fi lé e kò dọ́gba. Bí ẹnì kan láti Savè bá lọ sínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ lọ kọ bí wọ́n ṣe ń pe ìlú rẹ̀, ìwé á pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a jiyàn, ọwọ́ òun á ṣófo.

Orúkọ ènìyàn kò yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Olúṣẹ́gun ní Abẹ́òkúta, Olúṣẹ́gun ló máa wà nínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ìhín, tí wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba, Olouchègoun ni. Bàbá kan náà, orúkọ kan náà. Bí méjèèjì bá di gbajúmọ̀ lọ́la tí wọ́n wọ inú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́, òyìnbó tó ń kà á á pe ti àkọ́kọ́ bó ṣe rí i, á sì pe ti èkejì bí ẹni ń pe orúkọ ará Faransé. Ìtọ́kasí á wà fún méjèèjì.

Gbòǹgbò rẹ̀ jìn. Lọ́dún 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀. Ibẹ̀ ni àkọtọ́ tí à ń lò nínú ìròyìn yìí ti rí ìdí múlẹ̀, pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà tó wà lára ẹ, ọ àti ṣ. Lọ́dún 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba orílẹ̀-èdè wa gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ yìí, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 1990. Nínú tiwa yìí, ɛ ló dípò ẹ, ɔ ló dípò ọ, sh ló dípò ṣ, kp ló sì dípò p, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ apá ní akpá. Ohun tó dára ni, nítorí ó jẹ́ kí ọmọ Fọ̀n, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Yorùbá máa ka lẹ́tà kan náà. Ṣùgbọ́n ó gbé ààlà kalẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará wa tó wà ní òdìkejì Ìgòlò. Àwọn tó ń to èdè sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù fún gbogbo ayé rí ààlà náà; Yorùbá méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀, ọ̀kan fún Nàìjíríà, ọ̀kan fún tiwa. Nínú ọ̀kan, orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀. Nínú èkejì, ó ń jẹ́ Bɛ̀nɛ̀. Ẹnu kan náà ló pe méjèèjì.

Fi àmì ohùn kún un, kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa tán. Ọ̀pọ̀ àkọlé nínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ti Yorùbá ni kò ní àmì lórí, nítorí pé ìwé tí wọ́n tọ́ka sí kò ní, nítorí pé lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú àmì ṣòro láti tẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣẹ́ yàtọ̀ sí ṣẹ̀, ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ṣẹ. Àjà, ìyẹn àwọn ènìyàn Àjà, yàtọ̀ sí ajá tó ń gbó. Àlejò tó bá rí Ajase láìsí àmì lè kà á bí ẹni ń sọ pé ajá ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìtàn ogun àti ìtẹ̀dó ìlú ti di ẹjọ́ ajá nìyẹn, kò sì sí ẹni tó parọ́.

Àwọn oníṣòwò tó ń kà á lè máa sọ lọ́kàn pé, èyí kò kan owó àpò àwa. Ó kàn án. Ohun tó ń jáde lókè nígbà tí ẹ bá fi Google wá orúkọ ìlú kan, inú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti sábà ń mú un. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí à ń bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dáhùn, ìwé yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ká ní ìyá kan ń gbé gàrí láti Ìlaròó bọ̀ níbí, tó sọ fún fóònù pé kó fi ọ̀nà Àjàṣẹ́ han awakọ̀ òun. Bí fóònù kò bá mọ̀ ju Ajase tó wà nínú ìwé lọ, ó lè máa darí rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo ní ìpínlẹ̀ Kwara, lápá Ìlọrin. Bó bá sì sọ pé Porto-Novo, ọ̀kan wà ní erékùṣù Cape Verde, ọ̀kan tún wà ní etíkun Íńdíà tó ti jẹ́ orúkọ yìí rí. Ẹ̀rín ni lónìí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọjà bá ń tẹ̀lé ohùn ẹ̀rọ, kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn kan ti gbìyànjú láti mú kí ẹnu àgbà di ẹ̀rí. Lọ́dún 2011, Achal Prabhala, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ bá àwọn ará abúlé ní Íńdíà àti ní South Africa. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣàlàyé àwọn nǹkan tí kò sí nínú ìwé kankan, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe ìtọ́kasí. Àwọn ènìyàn yìn ín, àwọn mìíràn ta kò ó, kò sì di òfin káàkiri. Ìbéèrè àwọn tó ta kò ó kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ta ló yan àgbà yìí, ta ló sì máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò?

Ní ti bí a ṣe ń pe orúkọ, ọ̀nà kan wà tó rọrùn jù. Ẹgbẹ́ Wikimédia ti ilẹ̀ Faransé ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Lingua Libre. Ènìyàn á jókòó síwájú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa pè wọ́n, ohùn rẹ̀ á sì lọ sí ibi tí gbogbo ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ti lè mú un lò. Láàárín wákàtí kan, ẹnì kan lè pe orúkọ gbogbo àdúgbò ìlú yìí tán. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé náà ní London tàbí ní Brazil á tẹ àmì kékeré kan, á sì gbọ́ Àjàṣẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọmọ Àjàṣẹ́. Kò ní nílò «ṣ» tàbí «tch» tàbí «sh». Ohùn kan ṣoṣo kò sì ní tó. Kí àgbà Ẹ̀gùn pè é, kí àgbà Yorùbá pè é, kí àwọn ọmọ Àgùdà náà pè é, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi báyìí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti wá. Bí a bá gba ti ẹnì kan nìkan, ará Scotland kejì la fẹ́ dà yẹn.

Ohùn á fi hàn bí ẹnì kan ṣe ń pè é. Kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń pè é. Fún ìyẹn, ìwé la máa padà sí, ìwé tí àwa fúnra wa kọ. Kọ́lá Túbọ̀sún ní Nàìjíríà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, YorubaName, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀, ó sì ti di ohun tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ní ti ìlú àti abúlé ìhín, irú rẹ̀ ló yẹ kí a ní. Kò sì yẹ kó nira fún wa ju fún ẹlòmíràn lọ, nítorí Àjàṣẹ́ níbí ni ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wà, níbí náà ni ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí wà. Àwọn ìwé tí a fi ń ta kò wá, àdúgbò wa ni wọ́n wà. A lè lọ wò ó, ká rí ẹni tó kọ́kọ́ kọ Adjatchè, ọdún tó kọ ọ́, àti ẹni tó bi léèrè.

Rédíò náà wà. Àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ gba ètò orí rédíò tí ilé iṣẹ́ tó ṣeé gbára lé gbé jáde, bí ọjọ́ rẹ̀ bá wà, tí àwọn ènìyàn sì lè rí i gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá sọ ọ́ nínú ilé, a kò rí nǹkan fi ṣe é. Bó bá sọ ọ́ lórí rédíò, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ètò náà, ẹ̀rí ni.

Ó wá ku àwa. A ti sọ pé ìwé ìròyìn ló yí Kiev padà sí Kyiv. A padà lọ wo ìròyìn tiwa, ojú sì tì wá: a ti kọ Àjàṣẹ́, a ti kọ Ajase, a ti kọ Ajasẹ, ní ọ̀sẹ̀ kan náà nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ń wá ìtọ́kasí lọ́dọ̀ wa, mẹ́ta ló máa bá. Láti ìsinsìnyí lọ, ibi tí orúkọ ìlú wa bá ti kọ́kọ́ jáde nínú ìròyìn, Àjàṣẹ́ la máa kọ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, Hogbonu àti Porto-Novo á sì tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a pa orúkọ ẹlòmíràn rẹ́.

Ti Sakété ni a kò tíì fẹnu kò lé. Sakété ló wà lórí pátákó. Àwọn òpìtàn kan kọ Itakete. Itchakété là ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó sì wà nínú yàrá tí a ti ń kọ èyí ti bá ara wọn jiyàn lé e lórí láti àná. A ó rán ènìyàn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kó lọ bi àwọn tó ni ín, kó sì gba ohùn wọn bọ̀. Títí yóò fi dé, bí pátákó ṣe kọ ọ́ la ó ṣì máa kọ ọ́.